Ìtàn Ilé, Ìtàn Òwò: Ẹ̀dà Kan Kò Tó, Ẹnu Kan Kò Tó

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ni ọ̀nà tí ìtàn ilé wa, àti ti òwò tí àwọn òbí wa dá sílẹ̀, kò fi ní bá wọn wọ sàréè. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lórí ìwé kan tó kù díẹ̀ kó má dé ọwọ́ wa.

Lọ́dún 1897, Àlùfáà Samuel Johnson, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọ ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ńlá kan lórí ìtàn Yorùbá. Ohun tó ń dùn ún ni pé àwọn ọ̀mọ̀wé wa ìgbà náà mọ ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Róòmù àti ti Gíríìsì dáadáa, wọn ò sì mọ nǹkan kan nípa ti ilé baba wọn. Ó lọ bá àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn: David Kukomi, àgbà ìjọ ní Ìbàdàn, Josiah Oni, oníṣòwò tí kì í bẹ̀rù ọ̀nà, àti Lagunju, Tìmì Ẹdẹ, tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ sí òpìtàn tó ṣeé gbọ́kàn lé. Ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù sọ́hùn-ún. Johnson kú lọ́dún 1901, kò fojú rí i ní títẹ̀.

Àwọn bébà tó ti kọ́kọ́ fi ọwọ́ kọ, tí kò dà nù, ló gba ìtàn náà sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, oníṣègùn l'Ékòó, kó wọn jọ, ó tún ìwé náà kọ. Nígbà tó máa fi tirẹ̀ ránṣẹ́, ọkọ̀ òkun Appam ló gbé e. Ogun àgbáyé kìíní ń lọ lọ́wọ́. Ní January 1916 àwọn ọmọ ogun Jámánì gba ọkọ̀ náà lójú omi, wọ́n wà á lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì pẹ́ gan-an kí ẹrù náà tó dé ibi tó ń lọ. Ọdún 1921 ni ìwé jáde, ọdún 24 lẹ́yìn tí ẹni tó kọ ọ́ ti parí rẹ̀. Obadiah náà ti kú ní 1920.

Ìdí nìyí tí ara mi kì í fi í balẹ̀ tí mo bá dé ilé tí ìtàn ibẹ̀ jẹ́ ẹ̀dà kan ṣoṣo, tí ẹ̀dà náà sì wà nínú orí arúgbó kan.

Ìwé ìtàn ẹbí tó wọ́pọ̀ jù láàárín wa ni ìwé pélébé tí a ń pín níbi ìsìnkú. Ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn ìyá wa, ẹ ó bá wọn níbẹ̀. Mi ò fojú tín-ín-rín wọn o. Nínú wọn la ti ń rí orúkọ ìyá tó bí bàbá àgbà, ọdún tí wọ́n ṣèrìbọmi, ilé ẹ̀kọ́, ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ríṣẹ́. Ẹ kó wọn jọ, kí ẹ ya fọ́tò ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ìgbà wo là ń kọ wọ́n? Ìgbà tí òkú wà ní mọ́ṣúárì, tí ọkàn ò balẹ̀, tí atẹ̀wé ń pè léraléra. Ohun tí ọmọ tó gbé bírò kò bá mọ̀, kò ní sí níbẹ̀. Ẹni tí ìbá sọ pé "Rárá o, kì í ṣe Kánò ni mo kọ́kọ́ lọ, Jọ́ọ̀sì ni" kò lè fọhùn mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ nígbà tí ẹni tó ni ìtàn ṣì lè gba bírò lọ́wọ́ yín kó tún un ṣe.

Ìwé nìkan kò sì lè dá a ṣe. Lọ́dún 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ará Abẹ́òkúta kọ orin tó ju 40 lọ lédè Yorùbá sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lónìí ń gbọ́ bí ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n bí lọ́dún 1855 ṣe ń pe ọ̀rọ̀, ibi tó ti ń mí, ibi tó ti ń fa ohùn. Fẹlá, ọmọ ọmọ rẹ̀, kò bá a láyé, ṣùgbọ́n ohùn wà. Ní Bahia, nílẹ̀ Brazil, Lorenzo Turner, onímọ̀ èdè ọmọ Amẹ́ríkà, gba ohùn Martiniano do Bonfim, babaláwo ará ibẹ̀, sílẹ̀ ní 1940 sí 1941. Bàbá Martiniano ti rán an wá sí Èkó wá kàwé nígbà èwe rẹ̀. Ọdún 1943 ni Martiniano kú.

Oríkì ilé yín ńkọ́? Ẹ má rò pé ọ̀dọ̀ olórí ẹbí nìkan lẹ ó ti rí i. Lọ́pọ̀ agbo ilé, àwọn ìyàwó ilé ló mọ̀ ọ́n kì ju àwọn ọmọkùnrin ilé lọ.

Fóònù tó wà lápò yín tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ pa fáànù, ẹ dúró kí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sinmi, ẹ gbé fóònù sún mọ́ wọn. Ẹ kọ́kọ́ dárúkọ ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ọjọ́, àti ìlú. Ẹ má sọ pé "Ẹ sọ ìtàn ayé yín fún wa". Wọ́n á kàn ní àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ni. Ẹ bi wọ́n pé, ta lẹ jọ ń gbé yàrá lọ́jọ́ tí ẹ dé Èkó? Eélòó ni owó ilé? Ẹ gbé fọ́tò àtijọ́ lé wọn lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì tiwọn sọ ọ́. Tí kásẹ́ẹ̀tì bá wà nílé, ẹ tètè gbé e fún ẹni tó lè kó o sórí kọ̀ǹpútà, torí ọ̀rinrin ń bà á jẹ́, ẹ̀rọ tó ń lù ú sì ń tán lọ. Kí ẹ̀dà kan wà nílé, kí òmíràn wà lọ́wọ́ ọmọ ẹbí ní ìlú mìíràn, kí ìkẹta wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ní ti òwò, ibẹ̀ ló dùn mí jù. UAC, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1929, ra kòkó lọ́wọ́ wa, ó sì ta aṣọ fún wa. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà ní ìpamọ́ lọ́dọ̀ Unilever ní Port Sunlight, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ìyá tó gba aṣọ láwìn tà ní Dùgbẹ̀, àwọn bàbá tó ń kó kòkó bọ̀ láti Oǹdó, níbo ni ìwé tiwọn wà? Ojú ẹni tó ń bá wa ná ọjà nìkan làwọn ọmọ wa yóò fi máa wo òwò wa.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tiwa bá sì ṣe ìwé, fọ́tò alága pẹ̀lú gómìnà ló máa ń kún inú rẹ̀. Èmi fẹ́ mọ ibi tí owó ìbẹ̀rẹ̀ ti wá: ṣé àjọ ni, àbí ìyá ló ta góòlù? Ta ni ọmọṣẹ́ àkọ́kọ́, ìgbà wo ló gba fúrídọ̀mù? Ọdún wo ni òwò fẹ́ẹ́ dojú dé? Ẹ jẹ́ kí awakọ̀ àti akọ̀wé sọ tẹnu wọn níbi tí ọ̀gá kò sí. Tí ọ̀rọ̀ wọn bá ta ko ti ọ̀gá, ẹ kọ méjèèjì.

Ìyá kan bi mí níbi ìjókòó pé kí ni ká ṣe sí ìtàn ilẹ̀ tí ẹbí ń jà lé lórí. Ìbéèrè tó wúwo ni. Láti ọdún 1976 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti ka ìtàn àtẹnudẹ́nu mọ́ ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀, ẹlòmíràn sì lè torí ìyẹn tẹ ìtàn síbi tó wù ú. Tí bàbá bá ń sọ ọ́, ẹ bi í pé ta ló sọ fún un, kí ẹ kọ orúkọ yẹn sílẹ̀, kí ẹ sì lọ gbọ́ ti ẹ̀ka ẹbí kejì kí ẹ tó gbé ìwé lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé.