Òkè Mẹ́fà: Iye Tí Àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà Ní Àwọn Á San

Ẹ̀yin tèmi, ẹ káàbọ̀ o. Tí mo bá ti dárúkọ Àgbẹ̀kọ̀yà báyìí, àwọn àgbẹ̀ tó dìde sí ìjọba torí owó orí, mo mọ ohun tó máa sọ sí yín lọ́kàn: ońdè, ìbọn ṣakabùlà, ọta tí ò ran ara. Ẹ gbé ìyẹn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan jàre. Ọ̀rọ̀ owó la fẹ́ sọ lónìí, torí owó ló dá gbogbo ìjà yẹn sílẹ̀.

Ọdún 1968 ni. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, Adeyinka Adebayo ni gómìnà ológun ní Ìwọ̀ Oòrùn, ìjọba sì ń wá owó lójú méjèèjì. Ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n máa wá a lọ? Ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ kẹ̀! Àgbẹ̀ kòkó yìí gan-an, kì í ṣe òun ló ń dá iye lé kòkó ẹ̀ o, bọ́ọ̀dù ìjọba ló ń dá iye lé e, bọ́ọ̀dù á rà á lọ́wọ́ ẹ̀ ní pọ́ọ́kú, wọ́n á lọ tà á lókè òkun ní owó gidi, èyí tó bá lé á wà lọ́wọ́ ìjọba. Ṣé ẹ rí i? Kí akọ̀wé owó orí tó kan ilẹ̀kùn ẹ̀ rárá, ìjọba ti bù nínú owó ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n tún wá ní kó san owó orí. Wolé-wolé náà tún ń bọ̀ lẹ́yìn, àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, náà ní tiwọn tí wọ́n fẹ́ gbà.

Àmọ́ ẹ dúró ná. Kí ló dé tí wọn ò tíì bínú tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú? Torí owó kòkó yìí náà ni wọ́n fi kọ́ Cocoa House ní Dùgbẹ̀ tí wọ́n ṣí ní 1965, owó kòkó wà nínú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955, àgbẹ̀ ń rí ọmọ ẹ̀ tó ń lọ síléèwé. Ó mọ̀ pé wọ́n ń bù nínú ẹ̀, ó sì ń rí ibi tó ń lọ. Ó wá di 1966, ológun gbàjọba, àwọn tí wọ́n dìbò yàn ò sí níbẹ̀ mọ́, ọ̀nà oko ń bàjẹ́ sí i, ta ló fẹ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀?

Ó yá, ẹ sún mọ́ mi dáadáa, torí ibi tí gbogbo èèyàn ti máa ń ṣì í rèé. Wọ́n á ní, "Àgbẹ̀kọ̀yà, àwọn tó ní àwọn ò san owó orí mọ́." Irọ́! Irọ́ ni! WỌN Ò SỌ PÉ ÀWỌN Ò NÍ SAN! Mo tún un sọ: wọn ò sọ pé àwọn ò ní san o! Òkè mẹ́fà ni wọ́n ní àwọn á san. Òkè ni wọ́n fi ń ka owó: òkè kan, ṣílè márùn-ún, òkè mẹ́fà, ṣílè 30, ìyẹn pọ́n-ùn kan àtààbọ̀. Wọ́n fi ń pariwo kiri ìlú, òkè mẹ́fà, òkè mẹ́fà! Ẹni tí ò fẹ́ san kì í dá iye. Ẹni tó bá dá iye, ó fẹ́ dúnàá dúrà ni, ìjọba ló ní òun ò ná an.

Ẹ jẹ́ n fi àjọ ṣàlàyé ẹ, torí èmi ò lè sọ̀rọ̀ owó kí n má mẹ́nu ba àjọ, ilé alájọ ni wọ́n bí mi sí. Ká ní alájọ yín dédé fi kún iye tẹ́ ẹ̀ ń dá lójúmọ́, kò bi yín, tẹ́ ẹ bá béèrè káàdì kò fi hàn yín, tó bá wá di ìdájí kó máa kó géńdé wá sílẹ̀kùn yín pé ẹ mú owó wá. Ẹ̀yin wá ní, "Bọ̀dá, iye báyìí lagbára mi gbé, káàdì mi dà?" Ṣé ẹ lẹ́ ò dá àjọ mọ́ nìyẹn? Àbí? Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé èèyàn lè yí alájọ padà.

Géńdé ìdájí tí mo sọ yẹn, kì í ṣe àsọdùn o. Bí wọ́n ṣe ń gbowó orí nígbà yẹn nìyẹn, wọ́n á ya wọ abúlé, wọ́n á máa béèrè rìsíìtì, ẹni tí ò bá ní, wọ́n á mú un lọ. Èèyàn ń sá wọ igbó nítorí owó orí.

Ní November 1968, àwọn àgbẹ̀ ya wọ Gbọ̀ngàn Màpó ní Ìbàdàn. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, Adájọ́ Ayoola ni alága, ìgbìmọ̀ yẹn náà gbà pé ẹrù yìí wúwo, ó ní kí wọ́n dín in kù. Ọ̀rọ̀ ì bá ti tán síbẹ̀! Ìyẹn ló máa ń dùn mí jù nínú ìtàn yìí, torí ìdáhùn wà lórí tábìlì, àfi bí wọ́n tún ṣe padà síbi kí wọ́n máa fipá gbowó ní 1969, ẹ̀jẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Àwọn tó ń jà pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, Ọba Olajide Olayode, lóṣù July. Mi ò ní gbèjà ìyẹn o, ẹjọ́ owó tọ́ àwọn àgbẹ̀, ìyẹn ò sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n ṣe tọ́. Ọlọ́pàá àti sójà náà pa àgbẹ̀ o. Nígbà tó di September, àwọn àgbẹ̀ já ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n kó àwọn èèyàn wọn tí wọ́n tì mọ́lé torí owó orí jáde.

Ìgbà yẹn ni Awólọ́wọ̀ wá lọ sí Àkàǹràn lọ bá Tafa Adeoye, olórí wọn. Ẹ má jẹ́ ká yára kọjá níbí. Awólọ́wọ̀ ni kọmíṣọ́nà ètò ìnáwó fún gbogbo Nàìjíríà lásìkò yẹn, ẹni tí àpò owó ìjọba wà lọ́wọ́ ẹ̀, òun ló gbéra lọ sí abúlé lọ jókòó ti àgbẹ̀ tí ìjọba ń wá. Kí sì ni wọ́n bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀? Kí owó orí wálẹ̀, kí owó kòkó gòkè, kí wọ́n tún ọ̀nà ṣe, kí wọ́n kó àwọn ará kọ́ńsù tó ń jẹ wọ́n run kúrò lára wọn, kí wọ́n yéé fipá gbowó. Gbogbo ẹ̀ pátá, iye tí wọ́n ń gbà àti ohun tí wọ́n ń fi í ṣe ni.

Ó di October 1969, ìjọba ní ó tó, owó orí àgbẹ̀ di pọ́n-ùn méjì lọ́dún. Ẹ ṣírò ẹ fúnra yín. Pọ́n-ùn méjì, ṣílè 40, òkè mẹ́jọ. Àgbẹ̀ ní mẹ́fà, ìjọba gbé e sí mẹ́jọ, ọjà tí wọn ì bá ti ná tán láti 1968, kí ẹnikẹ́ni tó kú!

Mo ti ń bínú, ẹ jẹ́ n sinmi. Fídíò tó ń bọ̀, ti àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ni, Funmilayo Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ ẹ̀, bí owó orí obìnrin ṣe lé Aláké kúrò lórí oyè ní 1949. Àwọn yẹn ò tiẹ̀ dá iye kankan ní tiwọn.