A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Alágbàwí fún Aláìsàn Tí Kò Lẹ́nu Ọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní gbọ̀ngàn kékeré kan ní Òkè-Fìà, níbí ní Òṣogbo, nìyí. Àwọn olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ jù níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìyálọ́jà mélòó kan àti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí wọ́n jókòó sẹ́yìn. Mo tún un tò díẹ̀ kí ó lè ṣeé kà, mo sì fi ìbéèrè àwọn ènìyàn sí ibi tí wọ́n ti bi mí.

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú ooru náà. Iná ti lọ, ẹ bá wa fara dà á.

Màmá kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn, mi ò sì ní dárúkọ ilé ìwòsàn tí a ti pàdé. Aláró ni wọ́n, aláró ayé àtijọ́, tí aró ti mu èékánná wọn títí tó fi dà bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ wọn. Ìtọ̀ ṣúgà ló gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa. Egbò kékeré kan ló yọ látàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn ọ̀tún, wọ́n fi àgbo fọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó dúdú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Dókítà ní àfi kí àwọn gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún.

Ẹ wo bí a ṣe dúró lọ́jọ́ náà. Dókítà wà nídìí ibùsùn pẹ̀lú fáìlì lọ́wọ́. Ọmọkùnrin wọn tó ti Èkó wá wà lápá ọ̀tún, ọmọbìnrin wọn lápá òsì. Èmi wà níbi orí, mò ń wo omi tí a fà sí wọn lára. Dókítà kọjú sí ọmọkùnrin, ó ní, "Ṣé Màmá ń jẹun? Ṣé wọ́n sùn lálẹ́ àná?" Màmá lajú sílẹ̀ kedere. Wọ́n ń wò wá láti ẹnu dé ẹnu bí ẹni ń wo àwọn tó ń ta ayò. Ọmọ ní, "Wọ́n ń jẹun díẹ̀díẹ̀, sà." Ó gba bírò, ó fọwọ́ sí ìwé. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Màmá fà mí láṣọ. "Nọ́ọ̀sì, báwo ni ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣe ń dúró ti ìkòkò aró?"

Mo ní kí wọ́n má ronú, pé Ọlọ́run ń bẹ. Ẹ̀yin ará, èmi nìyẹn, èmi tí mo wọ aṣọ funfun. Mo fi Ọlọ́run dí wọn lẹ́nu.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Gígé ẹsẹ̀ náà tọ́. Bí wọn ò bá gé e, egbò yẹn ìbá pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí màmá bi mí ní ìdáhùn. Èèyàn lè jókòó rẹ aró. Wọ́n ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá. Wọ́n lè gbé ìkòkò sórí àga tó bá gíga ìjókòó mu. Ẹni tó lè dá wọn lóhùn wà nínú ilé ìwòsàn kan náà, ṣùgbọ́n èmi nìkan ló gbọ́ ìbéèrè náà, mi ò sì gbé e dé ibì kankan.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ dé ibi tó yẹ ni mò ń pè ní alágbàwí. Àwọn ọmọ ìjọ mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Agbẹjọ́rò kọ́ ni o, kì í wọ ẹ̀wù dúdú, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni dé kóòtù. Kì í pinnu nǹkan kan fún aláìsàn. Bó bá ti lanu tó ní "ohun tó dára fún Màmá ni pé…", ó ti ṣìnà. "Màmá ní…" ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ń fi bẹ̀rẹ̀.

Mo sì fi aládàádúró kún un: alágbàwí aládàádúró. Kò gba owó oṣù lọ́wọ́ ilé ìwòsàn, nítorí ẹni tí ọ̀gá lè lé lọ́la kò ní lè béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá pé kí ló dé tí wọn ò tíì pààrọ̀ aṣọ ibùsùn. Kò sì sí lábẹ́ ẹbí.

Ibí yìí ni gbọ̀ngàn ti pariwo mọ́ mi. Bàbá kan dìde, wọ́n ní, "Ìyá Nọ́ọ̀sì, òyìnbó ni ò lẹ́bí. Ẹbí ni alágbàwí tiwa." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wọn. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Òótọ́ ni bàbá sọ. Ta ló ń sáré gba káàdì? Ta ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí láàbù? Ta ló ń sùn lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn? Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Aró, ní Abẹ́òkúta, ní 1954, ọ̀dọ̀ àwọn ará abúlé ló fi àwọn aláìsàn ọpọlọ wọ̀ sí, ó sì ní kí ẹbí bá wọn wá. Ó mọ ohun tó ń ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹbí kan náà ló ń sanwó. Ẹni tó ta ilẹ̀ kó tó rí owó iṣẹ́ abẹ san, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á wúwo ju ti ẹni tó dùbúlẹ̀ lọ, bó fẹ́ bó kọ̀. Ẹbí náà ló ń rẹ̀, ẹbí náà ló níṣẹ́ tó ń dúró dè é l'Ékòó, nígbà mìíràn ẹbí náà ló ń wo ilé tí bàbá kọ́. Ìfẹ́ pàápàá ń dí ni lẹ́nu. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí ọmọ pe dókítà sí kọ̀rọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má sọ fún Bàbá pé jẹjẹrẹ ni." Bàbá tó ti sìnkú ọ̀rẹ́ mẹ́rin, tó ń rí bí ẹran ara òun ṣe ń gbẹ, tó ń rí ẹ̀rín tí gbogbo wa ń fi tipátipá rín lójú wọn. Bàbá mọ̀. Wọn ò kàn rí ẹni bá sọ ọ́ ni. Ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ pín, gbèsè tí wọ́n fẹ́ san, àbúrò tí wọ́n fẹ́ bẹ̀, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ wọ sàréè.

Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí mo kórìíra nínú èdè wa: "wọ́n ń ṣarán." Bí àgbà bá ti lè gba orúkọ yẹn, ẹnu rẹ̀ ti kúrò nínú ẹnu ènìyàn. Bó ní òùngbẹ ń gbẹ òun, arán ni. Bó ní ẹni tó ń tọ́jú òun ń lu òun, arán náà ni. Mo mọ bàbá kan tó ń pariwo lóru pé olè gbá òun lẹ́sẹ̀ mú. A ní arán ti dé. Ọjọ́ kẹta la tó tú báńdéèjì ẹsẹ̀ wọn, la bá rí i pé a ti wé e le jù, ẹsẹ̀ ti wú sókè sódò. Olè wà níbẹ̀ lóòótọ́, àwa la wé e.

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àgbà nílùú Ọba ti bá àwọn alágbàwí yìí pàdé. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2005 lórí àwọn tí ọpọlọ wọn ò lè dá ìpinnu ṣe ló gbé wọn kalẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, iṣẹ́ wọn sì bẹ̀rẹ̀ ní 2007. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá lẹ́bí tàbí ọ̀rẹ́ tí wọ́n lè bi léèrè, tí wọ́n sì fẹ́ ṣe ìtọ́jú ńlá fún un, tàbí kí wọ́n fi í sí ilé ìwòsàn ju ọjọ́ 28 lọ, tàbí sí ilé ìtọ́jú ju ọ̀sẹ̀ 8 lọ, dandan ni kí wọ́n ránṣẹ́ pe alágbàwí. Alágbàwí lè bá a jókòó ní kọ̀rọ̀, ó lè wo fáìlì rẹ̀, yóò kọ ohun tó rí sílẹ̀, dókítà kò sì gbọdọ̀ ju ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti àwọn tí wọ́n dá dúró sílé ìwòsàn ọpọlọ tẹ̀ lé e ní 2009. Níbẹ̀ náà, òfin ìtọ́jú ti 2014 sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ fún ọ̀pọ̀ àgbà mìíràn láti 2015. Scotland tiẹ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn tiwọn sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: òfin 2003 wọn fún gbogbo ẹni tó ní àìsàn ọpọlọ lẹ́tọ̀ọ́ sí alágbàwí.

Bàbá tó ní òyìnbó ò lẹ́bí á rí i pé òfin yẹn gan-an ka ẹbí sí. Ibi tí kò ti sí ẹbí ló ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ wọ́n fi àyè kan sílẹ̀: bí ẹ̀sùn bá wà pé wọ́n ń fìyà jẹ ẹni náà, wọ́n lè pe alágbàwí kódà bí ẹbí kún ilé. Àwọn náà ti rí nǹkan.

Kì í ṣe òkèèrè nìkan la ti lè rí òfin o, àwa náà ní tiwa. Òfin ìlera ti Nàìjíríà, ti 2014, sọ pé kí wọ́n ṣàlàyé àìsàn, ewu ìtọ́jú àti iye owó rẹ̀ fún aláìsàn, ní èdè tó gbọ́, kí wọ́n sì ro ti bó ṣe mọ̀wé tó. Ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn jáde ní 2018, ẹ̀tọ́ 12 ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀tọ́ láti kọ ìtọ́jú àti láti fẹjọ́ sùn wà níbẹ̀. Òfin àwọn àkàndá gba ìbuwọ́lù ní oṣù kìíní 2019. Òfin ìlera ọpọlọ gba tirẹ̀ ní oṣù kìíní 2023, òun ló sì lé òfin wèrè tí òyìnbó amúnisìn fi sílẹ̀ lọ. Ìwé pọ̀. Mi ò tíì rí ẹni tó gbé ọ̀kan nínú wọn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ṣiṣẹ́.

Àwọn tó wà níbi tí dókítà kò dé ńkọ́? Ní 2019, àjọ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn, Human Rights Watch, gbé ìròyìn jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti wo ibi 28 tí wọ́n ti ń tọ́jú alárùn ọpọlọ ní Nàìjíríà, ti ìjọba, ti oníṣègùn, ti ẹlẹ́sìn. Wọ́n bá ènìyàn nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹbí ló mú wọn débẹ̀, pẹ̀lú omijé lójú.

Ó dáa. Kí la lè ṣe l'Óṣogbo yìí, kí ìjọba tó ṣe tirẹ̀? Mo rí i pé a ní ènìyàn. Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ̀yìn tì, tí ẹ lè fi wákàtí méjì sílẹ̀ lọ́sẹ̀. A ó lọ bá àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn, láti Asúbíaró dé ti yunifásítì ìpínlẹ̀ wa, UNIOSUN, kí wọ́n fọwọ́ sí i kí á tó wọlé. Ẹni tó bá yọ́ wọlé, olófòófó ni wọn yóò pè é.

Ìwé kékeré kan àti bírò ni irinṣẹ́. Ohun tí aláìsàn sọ ni kí ẹ kọ, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, Ìjẹ̀ṣà ni o, Ọ̀yọ́ ni o, kí ẹ kà á fún un padà, kí ó ní "bẹ́ẹ̀ ni." Mo gbọ́ tí obìnrin kan ní ẹ̀yìn òun ń ta òun bí ìgbà tí wọ́n da ata sínú egbò, pé ó máa ń lọ bí òun bá kúnlẹ̀, ó máa ń padà bí òun bá gbé omi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lédè Gẹ̀ẹ́sì la fi kọ gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì: ẹ̀yìn ń dùn ún. Ibi tí dókítà ì bá ti rí ọ̀nà la gé sọnù yẹn.

Ẹ má gba owó lọ́wọ́ ẹbí, tí ó fi dé owó ọkọ̀. Ẹ fi àgbo yín sílé, kí ẹ sì fi ìwàásù sílé pẹ̀lú; mo mọ̀ pé ìyẹn ló máa nira fún wa jù. Ní ti àṣírí, Òṣogbo kéré ju bí a ṣe rò lọ. Ará Òkè-Baálẹ̀ ni kó lọ bá ará Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ará Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni kó wá bá ará Òkè-Baálẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà bá ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ pàdé nídìí ẹ̀rọ omi àdúgbò.

Ìyálọ́jà kan béèrè nípa odi. Òfin àwọn àkàndá ti 2019 sọ pé ilé ìwòsàn ìjọba gbọ́dọ̀ pèsè ọ̀nà tí wọn yóò fi bá irú wọn sọ̀rọ̀. Títí ìyẹn á fi dé, ẹ má fi ọmọ ọdún mẹ́wàá ṣe ògbufọ̀ fún ìyá rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ abẹ́. Mo ti rí i. Ọmọ náà kò sọ ìdajì ohun tí ìyá fọwọ́ júwe, ojú ń tì í.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ nọ́ọ̀sì tó jókòó sẹ́yìn náà nawọ́. "Mà, bí aláìsàn bá ní òun ò gba abẹ́rẹ́, tí alágbàwí sì mọ̀ pé abẹ́rẹ́ yẹn ló máa wò ó sàn ńkọ́?" Mo ní kó sọ fún dókítà pé aláìsàn ní òun ò gba abẹ́rẹ́, kó sì fi ìdí tó sọ kún un. Dókítà ló máa sọ pé abẹ́rẹ́ dára, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kí ìdí náà jẹ́ pé abẹ́rẹ́ àná ṣì ń dun ún ní ìdí, pé bí a bá gún apá, ó tán.

Bí a ṣe ń dìde ni ẹnìkan bi mí pé màmá aláró ńkọ́. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà, ó jinná dáadáa. Ọmọkùnrin wọn kó wọn lọ sí Èkó, sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí wọn ò ti lè dá sọ̀ kalẹ̀. Mo pàdé ọmọbìnrin wọn lọ́jà Ọba lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo béèrè ìkòkò aró. Ó ní ọ̀kan ti fọ́, pé ewúro làwọn gbìn sínú ìyókù.