Ta Ló Gbé Lẹ́tà Délé? Ìtàn P&T Láti Ẹnu Ọ̀nà Wa

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó jókòó sẹ́yìn, mo kí yín. Wọ́n ní kí n sọ ìtàn P&T, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó lẹ́tà, wáyà àti tẹlifóònù ní Nàìjíríà nígbà kan. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ni ọdún 1852, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣí ilé lẹ́tà àkọ́kọ́ ní Èkó. Lẹ́tà kan lèmi fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́tà aláwọ̀ búlúù ni, irú èyí tó jẹ́ pé béèyàn bá kọ ọ́ tán, á ká a, á lẹ̀ ẹ́ pọ̀, òun náà lá tún di àpò ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló kọ ọ́ ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù sí ìyá wọn. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nìyí: Ìyá Àgbà, Agbo Ilé Alágbẹ̀dẹ, C/O The Headmaster, lẹ́yìn náà orúkọ abúlé wa, lẹ́yìn náà via Iléṣà. Kò sí nọ́ńbà ilé, kò sí orúkọ títì. Síbẹ̀, ó dé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dì mú nìyẹn. Ìjọba gbé lẹ́tà dé ìlú. Àwa la gbé e délé.

Kí òyìnbó tó dé la ti ń ránṣẹ́ síra wa. Ẹ mọ àrokò, mi ò ní fi gùn yín lágara. Ẹyọ mẹ́fà: ọkàn mi fà sí ọ. Ẹyọ mẹ́jọ: ọ̀rọ̀ wa jọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ń gbé àrokò. Ó mọ ilé tó ń lọ, ó mọ ẹni tó máa dọ̀bálẹ̀ fún, ó mọ ẹni tí kò gbọdọ̀ rí ohun tó wà lọ́wọ́ òun. Lẹ́tà kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àdírẹ́sì ló ní, àdírẹ́sì sì ni àwọn ìlú wa kò ní.

Ìjọba ṣe tiẹ̀, mi ò ní jẹ́ kí wọ́n fojú kéré iṣẹ́ náà. Ilé lẹ́tà Èkó wà lábẹ́ Lọ́ńdọ̀nù títí di 1874. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹfà ọdún yẹn ni sítáǹpù Èkó kọ́kọ́ jáde, orí Ọbabìnrin Victoria ló wà lára rẹ̀. Ní 1886, wáyà abẹ́ òkun so Èkó mọ́ òkè òkun. Ní 1893, tẹlifóònù ti ń dún láwọn ọ́fíìsì ìjọba l'Ékòó. Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, àpò lẹ́tà sì bá a dé. Ọ́fíìsì ìjọba àti kọ́ńpìnì oníṣòwò ni wọ́n kọ́kọ́ ro gbogbo èyí fún. Lẹ́tà T tó wà nínú P&T gan-an, tẹ́lígíráàfù ló kọ́kọ́ dúró fún.

Ẹ jẹ́ kí n ya díẹ̀ síbi wáyà, ìyẹn iṣẹ́ tí wọ́n ń fi tẹ́lígíráàfù rán. Iye ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń gbowó rẹ̀, nítorí náà ó yẹ kó ṣe ṣókí. Ṣùgbọ́n ta ni Yorùbá tó máa fi wáyà sọ pé bàbá kú? “Ara bàbá ò yá, tètè wá.” Ẹni tó gbà á ti mọ̀. Ẹkún á sọ lórí ìwé tí a kò kọ ikú sí.

Ẹ padà bá mi sí abúlé. Ní irú ibẹ̀, bí ilé lẹ́tà bá tilẹ̀ wà, ẹ́jẹ́ńsì ni: yàrá kan, tábìlì kan, òǹtẹ̀ kan, ẹnì kan tí owó tó ń gbà kò tó nǹkan. Bí kò bá sí, hẹ́dìmásítà ni. Láàárọ̀, lẹ́yìn orin àti àdúrà, tiwa á tú òkùn lára ìdì lẹ́tà, á máa pe orúkọ. Ọmọ tó bá wá láti agbo ilé náà á jáde síwájú, á kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Èmi náà ti gbà á rí. Mo fi lẹ́tà náà sínú ìwé ìṣirò mi kó má bàa ká, mo sì sáré relé lọ kà á fún Ìyá Àgbà. Ta ló sanwó fún hẹ́dìmásítà? Ta ló sanwó fún mi?

Àwọn kan ń sọ pé fóònù alágbèéká ló pa lẹ́tà. Mo ti gbọ́ ọ títí, mi ò gbà. Àwọn tó ń sọ ọ́ kò ka ìtàn dénú. Lẹ́tà ti ń kú kí fóònù náà tó dé, torí pé ilé-iṣẹ́ náà kò fìgbà kan ka àwọn tó ń bá a parí iṣẹ́ sí òṣìṣẹ́. Nígbà tí àwọn yẹn dẹwọ́, tí àwọn èèyàn ń gbé lẹ́tà lọ fún dírẹ́bà ní gáréèjì, kò sẹ́ni tó bèèrè ìdí.

Alága ti na ọwọ́ sókè sí mi, àsìkò ń lọ. Ní kíákíá: nígbà òmìnira ní 1960, ìlà tẹlifóònù 18,724 péré ló wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1985, wọ́n pín P&T sí méjì: lẹ́tà di NIPOST, tẹlifóònù lọ dara pọ̀ mọ́ NET, ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó ìpè òkè òkun, wọ́n di NITEL. Apá tí owó wà lọ, apá tí ẹsẹ̀ wà kù sílẹ̀. Ní 2001, GSM, ìyẹn fóònù alágbèéká, dé. NITEL ti kógbá wọlé, NIPOST ṣì wà. Mo dúró níbẹ̀ fún ìbéèrè.

Ìyá àgbàlagbà kan ló dìde. Wọ́n ní: “Ọmọ mi, ẹ ń yin hẹ́dìmásítà. Jọ́ọ̀sì ni ọkọ mi wà, níbi ìwakùsà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ló ń ka lẹ́tà rẹ̀ fún mi, lójú ìyá ọkọ mi. Ṣé ẹ rò pé ó lè kọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀? Ọdún méjì gbáko, ‘mo kí ọ, mo kí ilé’ ni.”

Gbọ̀ngàn pa rọ́rọ́. Mo dá wọn lóhùn pé mi ò rò ó débẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ló sì rí.

Wọ́n ní àwọn lọ forúkọ sílẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ àgbà nírọ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n lè kọ ọ́, wọ́n kọ̀wé sí ọkọ wọn pé kó má fi lẹ́tà rán hẹ́dìmásítà mọ́, kó kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sílé lẹ́tà ní ìlú, àwọn á wá gbà á. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn lọ lọ́jọ́ ọjà.

“Akọ̀wé tó wà lẹ́yìn irin yẹn kò mọ̀ mí,” wọ́n ní, “kò mọ ìyá ọkọ mi. Ó bi mí lórúkọ, ó na lẹ́tà sí mi. Ìjọba ló gbé tèmi dé ọwọ́ mi.”

Mo bi wọ́n bóyá lẹ́tà náà yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀.

“Ojú ewé mẹ́rin ni,” ìyá dáhùn, wọ́n sì jókòó.