Òkè wa l'Okun, fọ́kénò kọ́ o!

Ẹ kúulé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Orí àpáta kan lẹ́yìn Kabba, nílẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi, ni mo wà báyìí. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti fi fọ́tò ẹ̀ síta, ẹnì kan á ṣáà ní, "fọ́kénò tó ti kú nìyẹn," ìyẹn òkè tó máa ń pọná látinú ilẹ̀. Rárá o!

Ibi tí gbogbo yín ti ń ṣì í rèé: ìrísí òkè lẹ ń wò, ojú òkúta ló yẹ kẹ́ ẹ wò. Ẹ wò ó dáadáa. Ṣẹ́ ẹ rí àwọn hóró yìí, funfun, pupa díẹ̀, àwọn dúdú tó ń dán? Èyí tóbi tó hóró àgbàdo! Granáìtì nìyí. Òkúta gbígbóná tó yọ́ ni tẹ́lẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti rọra tutù, díẹ̀díẹ̀, ni hóró ẹ̀ fi ráyè tóbi. Òkúta fọ́kénò, ìta gbangba ló ti ń tutù kíákíá, hóró ẹ̀ á kéré débi tójú ò ní rí i, òmíràn á tún ní ihò wẹ́wẹ́ bí inú búrẹ́dì. HÓRÓ NI KẸ́ Ẹ WÒ! Mo ní HÓRÓ!

Ẹ ní báwo ló wá ṣe dókè? Ẹni tó bá ti kọ ebè rí á yé e. Lóko bàbá mi, tójò bá ti pa ebè léraléra, erùpẹ̀ á ṣàn lọ, orí iṣu á yọ síta, iṣu ò fò jáde o, erùpẹ̀ ló ṣí kúrò lórí ẹ̀. Bọ́rọ̀ granáìtì yìí ṣe rí náà nìyẹn, ó ti tó nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún, òjò ti gbá gbogbo ohun tó bò ó lọ.

Tẹ́ ẹ bá ń wá fọ́kénò gidi, ẹ lọ sí Biu ní Borno, tàbí Jos, àwọn yẹn ti kú tipẹ́. Èyí tó ṣì ń pọná nítòsí wa ni òkè Kamẹrúùnù, ó ga ju 4,000 mítà lọ, ní 1999 lává ẹ̀, òkúta gbígbóná tó yọ́, ṣàn dí títì ní Bakingili, abúlé kan lẹ́sẹ̀ òkè náà.

Àmọ́ tiwa yìí ni mo fẹ́ràn jù, àní gan-an! Láyé ogun Tápà, nígbà táwọn ará Bida ń kó wa lẹ́rú, orí àpáta làwọn baba wa sá gùn, torí ẹṣin ò lè gun ibẹ̀. Ìgbà táwọn òyìnbó Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ oníṣòwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣẹ́gun Bida ní 1897 lọkàn wọn tó balẹ̀ láti máa sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ wo ibí, ó jìn wọnú díẹ̀, ó sì ń dán. Ibi tí wọ́n ti ń lọ ọkà nìyẹn. Ẹ wò ó, àtẹ́lẹwọ́ mi wọ inú ẹ̀ dáadáa.