Ẹ Mọ Igi Yín Kẹ́ Ẹ Tó Gé E: Ṣẹ́ẹ̀fù àti Ọ̀ṣọ́ fún Ilé Tuntun l'Ékìtì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sì kú ìṣílé, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé tuntun, yálà èyí tẹ́ ẹ kọ́ fúnra yín àbí èyí tẹ́ ẹ rẹ́ǹtì. Lónìí a fẹ́ ṣe ṣẹ́ẹ̀fù kan tá a máa kàn mọ́ ògiri pálọ̀, ká wá fi ẹní Ògòtún àti ìkòkò Ìsàn ṣe ọ̀ṣọ́ ibẹ̀, gbogbo ẹ̀ láti inú Èkìtì níbí. Ṣùgbọ́n mi ò ní kọ́kọ́ mú ayùn o. Ọ̀rọ̀ igi la máa kọ́kọ́ sọ, a sì máa pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ṣẹ́ẹ̀fù tẹ́ ẹ rí tó tẹ̀, àti kọ́bọ́ọ̀dù tí ilẹ̀kùn ẹ̀ ò pa dé mọ́, ọwọ́ káfíńtà kọ́ ló bà á jẹ́, igi tí kò tíì gbẹ ni wọ́n fi ṣe é.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé ilẹ̀ wa yìí, ilẹ̀ àwọn tó mọ igi ni. Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére tí wọ́n ń pe orúkọ ẹ̀ káàkiri ayé, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí i, Ìsẹ̀-Èkìtì ló gbé ṣiṣẹ́ títí tó fi kú lọ́dún 1938. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ògògà, ìyẹn ọba ìlú Ìkẹ̀rẹ́, wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní London lọ́dún 1924, ó wu àwọn British Museum débi pé wọ́n ní kí wọ́n ṣe ìtẹ́ kan nílùú òyìnbó, òun ni wọ́n fi pààrọ̀ ẹ̀ lọ́wọ́ Ògògà, ilẹ̀kùn náà ṣì wà lọ́dọ̀ wọn dòní. Ẹ wá àwòrán ẹ̀ wò. Ẹ máa rí Ògògà lórí ìtẹ́, olorì dúró sẹ́yìn ẹ̀, òyìnbó ajẹ́lẹ̀ wà lápá kejì tí wọ́n gbé e wá, àwọn ère náà yọ síta lára pákó débi pé ẹ máa rò pé wọ́n fẹ́ rìn jáde ni. Ọ̀yẹ́-Èkìtì náà nìyẹn, níbi tí àwọn Fadá Kátólíìkì ti dá ibi ìkọ́ṣẹ́ ọnà sílẹ̀ lọ́dún 1947, ibẹ̀ ni Lamidi Fakeye ti kọ́ṣẹ́ igi gbígbẹ́ lọ́wọ́ Bandele, ọmọ Àrẹ̀ògún tí òun náà jẹ́ agbẹ́gilére.

Nǹkan kan wà nínú iṣẹ́ àwọn bàbá wọ̀nyí tó yẹ ká fi ọkàn sí. Ẹni tó ń gbẹ́ ère, igi tútù ló máa ń wù ú, torí irin tètè ń wọ igi tútù, odidi ìtì kan ló sì ń gbẹ́, kò so ó mọ́ nǹkan kan. Tiwa yàtọ̀. Àwa fẹ́ fi pákó kan kan òmíì, a fẹ́ kó tẹ́jú, a fẹ́ kó dúró lórí ìlà, nítorí náà igi gbígbẹ la gbọ́dọ̀ lò, kò sí ọ̀nà míì.

Ìdí ẹ̀ nìyí. Tí igi bá ń gbẹ, ó máa ń sún kì, àmọ́ kì í sún kì lóòró, ìbú ẹ̀ ló ń dín kù. Pákó tẹ́ ẹ rà ní ìbú ìńṣì 12 nínú òjò, tó bá fi máa di ìgbà ọyẹ́, kò ní pé 12 mọ́, tẹ́ ẹ bá sì ti kàn án pinpin lápá méjèèjì, kò ní ríbi yẹ̀ sí, ó máa là láàárín ni. Ọyẹ́ Èkìtì yìí, ẹ mọ̀ ọ́n, tó ń mú ètè là, ohun kan náà ló ń ṣe fún igi.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí sọ́mìlì. Ẹ mú téèpù dání o, torí pákó tí wọ́n ń pè ní 1 by 12, ìyẹn nínípọn ìńṣì 1, ìbú ìńṣì 12, ayùn ti jẹ lára ẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ máa rí arère, ó funfun, ó fúyẹ́, ó rọ̀ lábẹ́ ayùn, owó ẹ̀ ò sì ga. Ó dáa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, àmọ́ ikán àti kòkòrò fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, nítorí náà ẹ má fi ṣe nǹkan tó máa fara kan ilẹ̀, ẹ sì fi oògùn kòkòrò pa á kẹ́ ẹ tó kùn ún. Àfàrà náà wà, ó le díẹ̀ jù arère lọ. Mẹ̀láínà, èyí tí wọ́n ń gbìn, àwọn èèyàn máa ń fojú tín-ín-rín ẹ̀ ṣùgbọ́n èmi fẹ́ràn ẹ̀, torí tó bá ti gbẹ tán, kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà mọ́, ó sì rọrùn láti fá. Ìrókò ni bàbá gbogbo wọn, ikán kì í fẹ́ súnmọ́ ọn, owó ẹ̀ náà sì ń sọ̀rọ̀. Ẹ fi nǹkan bo imú tẹ́ ẹ bá ń gé ìrókò o, eruku ẹ̀ máa ń ta èèyàn nímú, ara àwọn míì sì máa ń yún wọn. Fún ṣẹ́ẹ̀fù wa yìí, mẹ̀láínà ni mo mú.

Tí wọ́n bá na pákó sí yín, ẹ má wulẹ̀ gbé e. Ẹ gbé orí ẹ̀ kan sókè, ẹ di ojú kan, ẹ fi ojú kejì wo ó láti ìdí dé orí. Tó bá ti lọ́, ẹ máa rí i lójú ẹsẹ̀. Ẹ wo etí ẹ̀ náà, apá tó funfun tó wà nítòsí èèpo igi, ibẹ̀ ni kòkòrò ti máa ń bẹ̀rẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí ihò kékeré bí orí abẹ́rẹ́ tí lẹ́búlẹ́bú ń dà jáde nínú ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Tẹ́ ẹ bá gbé e délé, ẹ má gé e lọ́jọ́ yẹn. Ẹ wá ibi tí òjò ò dé tí oòrùn ò sì pa tààrà, ẹ fi búlọ́ọ̀kù gbé e kúrò nílẹ̀, ẹ tò wọ́n léra, kẹ́ ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín pákó kan sí èkejì kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ kun orí àti ìdí pákó ní ọ̀dà, torí ibẹ̀ ni omi ti ń yára jáde jù, ìyẹn ló ń jẹ́ kó là lórí. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbẹ? Ẹ gé ìdí ẹ̀ kékeré kan, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n tẹ́ ẹ fi ń wọn fúláwà ní kíṣìnì, ẹ kọ iye tó wọ̀n sára ẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù, ẹ dá a padà sáàárín àwọn pákó tó kù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Tó bá ṣì ń fúyẹ́ sí i, omi ṣì wà níbẹ̀. Ìgbà tó bá ń wọn iye kan náà léraléra, ó ti ṣe tán. Mo mọ̀ pé ilé tuntun ń kán èèyàn lójú, àlejò ìṣílé ti fẹ́ dé, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù níbí yìí.

Ó yá ká ṣiṣẹ́. Ẹ gé e ní ẹsẹ̀ bàtà 3, ìbú ẹ̀ ìńṣì 9, ó tó ìwé àti fọ́tò gbé. Ẹ fá a tẹ̀lé bí iṣan igi ṣe lọ, tó bá ń ya ṣákaṣàka lábẹ́ pléènì, ẹ yí i padà kẹ́ ẹ gbá a láti apá kejì. Sánpépà nọ́ńbà 80 kọ́kọ́, lẹ́yìn náà 120, kẹ́ ẹ fi 220 parí ẹ̀. Ẹ nu eruku ẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ wá kun fánííṣì, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ jẹ́ kó gbẹ láàárín. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe ni pé ojú tó hàn nìkan ni wọ́n ń kùn, wọ́n á fi abẹ́ sílẹ̀ pé ta ló máa wo abẹ́. Abẹ́ ni rírin máa gbà wọlé! Tí ojú òkè bá dí tí abẹ́ sì ṣí sílẹ̀, ìsàlẹ̀ á máa wú, òkè á dúró lójú kan, ṣẹ́ẹ̀fù á tẹ̀ kọ́dọ́rọ́. Ẹ kun gbogbo ara ẹ̀, títí kan orí méjèèjì.

Ògiri ló kàn, ẹ̀mí mi kì í balẹ̀ níbí tí mo bá rí bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣe é. Ìṣó lásán ò lè gbé ṣẹ́ẹ̀fù lára ògiri búlọ́ọ̀kù, ó máa yọ tọ̀un ti símẹ́ńtì. Fíṣà lẹ máa lò, ìyẹn ike kékeré tí wọ́n ń tì bọ inú ihò kí sùkúrúù lè rí nǹkan dì mú. Fíṣà nọ́ńbà 8, bíìtì nọ́ńbà 8 lẹ fi máa lu ihò ẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ihò náà kọjá símẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri wọ inú búlọ́ọ̀kù gan-an, torí náà sùkúrúù tó gùn tó ìńṣì méjì ààbọ̀ ni kẹ́ ẹ rà. Búlọ́ọ̀kù wa níhò nínú, tí dírììlì bá ṣàdédé já wọlé tí kò rí nǹkan kan mú mọ́, inú ihò lẹ bọ́ sí yẹn, fíṣà máa kàn máa yí níbẹ̀ ni, ẹ sún sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kẹ́ ẹ tún un lu. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ẹ má lu ògiri tààrà lókè tàbí nísàlẹ̀ swíìṣì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì, torí páìpù wáyà iná sábà máa ń gba ibẹ̀ lọ sókè sílíìnì. Bùrákẹ́ẹ̀tì, irin tó máa gbé ṣẹ́ẹ̀fù dúró, méjì tó fún ẹsẹ̀ bàtà 3 yìí, ẹ má fi wọ́n sí orí pátápátá, ẹ mú wọn wọlé ní nǹkan bí ìńṣì 6 lápá méjèèjì, kẹ́ ẹ gbé lẹ́fẹ̀lì, èyí tí wọ́n fi ń wò ó bóyá nǹkan tẹ́jú, lé e kẹ́ ẹ tó dè é pa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rẹ́ǹtì, ẹ bi láńlọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó lu nǹkan kan o.

Ọ̀ṣọ́ wá kù. Àwọn ìyá wa ní Ògòtún-Èkìtì, wọ́n ń hun ẹní aláràbarà, wọ́n ń pa ohun tí wọ́n fi ń hun ún láró kẹ́ ẹ lè rí bátànì lára ẹ̀, ó sì ń dùn mí tí mo bá rí i pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ká a sí. Ẹ ra kékeré kan, ẹ tẹ́ ẹ sórí pláíwúùdù tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi ìṣó kékeré mú etí ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi igi ìńṣì 2 ṣe férémù yí i ká kó bo àwọn ìṣó náà. Igi tó kù lára ṣẹ́ẹ̀fù máa ṣe é, àwọ̀ wọn á sì bára mu. Ẹ gbé e kọ́ sókè ṣẹ́ẹ̀fù. Ṣùgbọ́n ilé tuntun ni o, ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ máa ń pẹ́ kó tó gbẹ tán. Tí ọ̀dà ògiri bá ń wú tàbí tó tutù lọ́wọ́, ẹ má gbé ẹní kọ́ ọ síbẹ̀, ó máa bu. Kódà lórí ògiri gbígbẹ, ẹ lẹ igi pẹlẹbẹ kékeré mọ́ ẹ̀yìn férémù ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí atẹ́gùn lè máa ráyè gba ẹ̀yìn ẹ̀.

Ìkòkò Ìsàn-Èkìtì ò ṣòro láti fi ṣe ọ̀ṣọ́ rárá. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, iná ìta ni wọ́n fi ń sun ún, ìdí nìyẹn tí dúdú àti pupa fi máa ń wà lára ẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn, mi ò rí ohun tó lẹ́wà tó èyí ní ṣọ́ọ̀bù kankan. Omi máa ń rin jáde lára ẹ̀, torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbin òdòdó sínú ẹ̀ lórí ṣẹ́ẹ̀fù, àwo tanganran ni kẹ́ ẹ fi tẹ́ ìdí ẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa ba fánííṣì jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá jẹ́ òdòdó gbígbẹ lẹ fẹ́ kó sí i, kò nílò àwo.

Fún oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ máa wo orí ṣẹ́ẹ̀fù àti ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń gbálẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí lẹ́búlẹ́bú funfun kékeré tó ń jọ pọ̀ síbì kan, kòkòrò ti wà nínú igi nìyẹn, ẹ yára tú ṣẹ́ẹ̀fù náà sílẹ̀, ẹ gbé e jáde kúrò nínú ilé, kẹ́ ẹ fi síríńjì fa oògùn igi sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ fi ìda dí i. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀, tí lẹ́búlẹ́bú ò bá jáde mọ́, ẹ lè dá a padà sára ògiri.