Ayálégbé tó dáná sunlé: ìtàn odi Potogí ní Wídà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Àjàṣẹ́ níbí, ìyẹn Porto-Novo ní ilẹ̀ Benin, ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá wọ takisí ní Ouando, tí ẹ gba Kútọnu kọjá, kò ju nǹkan bíi 70 kìlómítà lọ kí ẹ tó dé Wídà, ìlú tí àwọn Fọ̀n ń pè ní Glehue. Odi àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí àgbá ìgbàanì ṣì wà nínú ọgbà rẹ̀. Àwọn Potogí ló kọ́ ọ ní 1721, wọ́n sọ ọ́ ní São João Baptista de Ajudá. Ajudá yẹn, Wídà náà ni, bí ẹnu wọn ṣe gbà á ni wọ́n ṣe pè é.

Ẹni tó bá gbọ́ pé odi etí òkun ni, á rò pé ọkọ̀ ọ̀tá ni wọ́n ń fi àgbá ibẹ̀ ṣọ́. Rárá o. Láti odi yìí dé etí omi, ó tó kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin, ọ̀sà àti àbàtà ló sì wà láàárín. Ọta àgbá ayé ìgbà náà kò lè dé ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Kí ló wá dé tí wọ́n fi kọ́ ọ síbẹ̀? Ibi tí onílẹ̀ fún wọn nìyẹn. Ayálégbé ni wọ́n.

Àwọn nìkan kọ́ ni ayálégbé níbẹ̀. Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti ní odi tiwọn ní ìlú yẹn kí Potogí tó dé. Ọba àwọn Hueda, tó wà ní Savi, olú ìlú wọn, ló ni ilẹ̀, òfin rẹ̀ sì ṣe kedere: bí ìlú wọn bá ń bára wọn jagun lókè òkun, wọn kò gbọdọ̀ gbé ìjà náà wá sí Wídà. Ẹni tó bá wá rajà, kó rajà.

Ọjà wo? Ẹ jẹ́ kí n pè é lórúkọ rẹ̀: ènìyàn ni. Láti Bahia ní Bràsíl ni àwọn Potogí ti ń kó tábà wá, èyí tí kò dáa tó láti lọ sí Lisbon. Wọ́n á fi omi ìrèké dúdú pa á lára, wọ́n á ká a bí okùn, àwọn ènìyàn ìhín sì fẹ́ràn rẹ̀ ju èyíkéyìí lọ. Tábà ìdọ̀tí ni wọ́n fi ń ra ọmọ ènìyàn! Òkun Wídà kò ní èbúté, ìgbì rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá sún mọ́ ilẹ̀, torí náà òkèèrè ni wọ́n ti ń dúró, àwọn atukọ̀ á sì fi ọkọ̀ kékeré la ìgbì kọjá. Ọkọ̀ a máa dojú dé, ẹrù a máa rì, ènìyàn náà a máa bá a lọ. Àwọn onítàn fojú bù ú pé ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tó gba ìlú yẹn lọ. Àwọn ará wa pọ̀ nínú wọn. Títí dòní, bí ẹ bá dé Bahia, ẹ ó bá àwọn tó ń bọ òrìṣà ní ìlànà tí wọ́n pè ní ti Kétu.

Ní 1727, onílẹ̀ yí padà. Agaja, ọba Dàhọ̀mì, kó Savi, ó sì gba etíkun. Àwọn òyìnbó rò pé odi àwọn yóò gbà wọ́n. Ní 1743, nígbà ọba Tegbesu, ọmọ ogun Dàhọ̀mì ya lu odi Potogí, ẹ̀tù inú rẹ̀ bú gbàmù, odi wó. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n tún un kọ́, ó sì hàn sí gbogbo wọn pé ẹni tí ọba bá ní kó lọ, lílọ ni. Yovogan, olórí àwọn òyìnbó, ni oyè ìjòyè Dàhọ̀mì tó ń bójú tó wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí, torí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Onílé náà ń san tiẹ̀. Láti 1748, ọdọọdún ni Dàhọ̀mì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Aláàfin Ọ̀yọ́, títí ọba wọn, Gezo, fi jáwọ́ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1820. Nígbà Abíọ́dún, Ọ̀yọ́ tilẹ̀ yí òwò rẹ̀ sí Àjàṣẹ́ wa níbí. Ẹ má jẹ́ ká fi ìyẹn yangàn jù. Òwò ẹrú kan náà ni.

Faransé fi odi tiẹ̀ sílẹ̀ ní 1797, Gẹ̀ẹ́sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1812. Potogí ń lọ, ó ń bọ̀. Francisco Félix de Souza, oníṣòwò ẹrú láti Bràsíl tó ti ṣiṣẹ́ nínú odi náà, di ọ̀rẹ́ Gezo, ó sì jẹ oyè Chacha ní ìlú Wídà. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ẹrú tó ti gbòmìnira àti ọmọ wọn, ń ti Bràsíl padà dé. Ẹ wo mọ́ṣáláṣí ńlá wa ní Àjàṣẹ́ tí àwọn ìran wọn kọ́: ta ló rí i tí kò rò pé ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ni?

Faransé ṣẹ́gun Dàhọ̀mì ní 1892. Wọ́n gba gbogbo ilẹ̀, àfi odi yẹn. Ilẹ̀ bíi hẹ́kítà kan péré, Pọ́túgàl ní tòun ni, ó fi aṣojú síbẹ̀, ó sì ta àsíá. Bí ìlú kan ṣe wà nínú ìlú mìíràn nìyẹn, tí ènìyàn lè yí po kí iṣu tó jiná.

Òmìnira Dàhọ̀mì, tí à ń pè ní Benin lónìí, dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, 1960. Ọdún kan géérégé lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba Ààrẹ Hubert Maga ní kí àwọn Potogí kúrò. Ènìyàn méjì péré ló kù níbẹ̀. Kí aṣojú náà, Agostinho Saraiva Borges, tó jáde, ó dáná sun ilé.

Ní 1967, ó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Pọ́túgàl kò gbà pé odi náà ti bọ́ lọ́wọ́ òun títí di 1975. Nígbà tí wọ́n wá tún ilé náà ṣe, owó láti Lisbon wà nínú ohun tí wọ́n fi tún un ṣe.