Ẹni Tí Ò Bá Gbọ́ Èdè Yìí, Kó Máa Lọ

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi náà nìyí nínú ilé ìdáná mi ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ẹ bá ń gbọ́ nǹkan tó ń kùn lẹ́yìn mi, fìríìjì ni, ẹ má dá a lóhùn.

Àkọsílẹ̀ ìjókòó àwọn tó kọ ìwé òfin Íńdíà ni mo ń kà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Gbogbo ọ̀rọ̀ wọn ni wọ́n tẹ̀ jáde, títí kan ibi tí wọ́n ti ń jágbe mọ́ra wọn. December 9, 1946 ni wọ́n kọ́kọ́ jókòó ní Delhi, òyìnbó ò tíì palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kejì, ọkùnrin kan, Dhulekar, dìde, ó sì gbé Hindustani lé ẹnu, èdè àríwá Íńdíà tó bá Hindi tan. Alága rán an létí pé ọ̀pọ̀ nínú ilé ò gbọ́ èdè náà. Ó fèsì pé ẹni tí ò bá gbọ́ ọ, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé Íńdíà, kó yáa máa lọ.

Ọjọ́ kejì péré o! Àwọn èèyàn Madras ní gúúsù Íńdíà, tí Tamil jẹ́ èdè ìyá wọn, sì wà lára àwọn tí wọ́n jọ fẹ́ kọ òfin yẹn.

Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé èmi náà ti sọ irú rẹ̀ rí nínú ilé yìí, fún ọmọ bíbí inú mi.

Nǹkan bí ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi fa ìwé òfin náà. Ambedkar ló ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń kọ ọ́, ọmọ àwọn tí wọ́n ń pè ní aláìmọ́, tí wọn ò jẹ́ kó fọwọ́ kan ìkòkò omi nílé ìwé. Ìyẹn tó ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn. Lórí èdè, September 14, 1949 ni wọ́n tó rí i sọ: Hindi ni ìjọba àpapọ̀ yóò máa lò, Gẹ̀ẹ́sì á sì máa bá a rìn fún ọdún 15. Wọ́n tiẹ̀ jà lórí bí wọn yóò ṣe máa kọ nọ́ńbà! Nígbà tí ọdún 15 pé ní 1965, Madras gbiná torí wọn ò fẹ́ kó ku Hindi nìkan, ẹ̀mí sì lọ sí i. Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Tiwa ńkọ́? Lancaster House, níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ni àwọn àgbà wa ti dúnàá-dúrà lórí òfin òmìnira 1960. Mo ṣí ti 1999, abala 55. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi ṣiṣẹ́ nílé aṣòfin àpapọ̀, pẹ̀lú Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá nígbà tí ètò tó yẹ bá ti wà fún un. Ó dùn létí, àbí? Dhulekar ṣàṣejù, ṣùgbọ́n ó sọ tiẹ̀ síta, wọ́n sì rí i bá fà á.

Mo ka abala náà sí ọmọ mi létí, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bí mo ṣe ń lọ. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí bóyá ètò yẹn ti wà.

Mo ní kó lọ fọ abọ́.